Ọbẹ̀ tó kan nínú fíríìjì: ẹ dà á nù ni, àbí ẹ tún un sè?

ÌyáTọ́lá_Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mi tó dàrú. Mo se ọbẹ̀ ata lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìkòkò ńlá kan, ẹran màlúù kílò méjì, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ lọ́tọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣì gbóná jù láti gbé e wọ fíríìjì, mo bá dé e, mo fi í sílẹ̀ lórí sítóòfù. Aago méje àárọ̀ Sọ́ńdè, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo gbé odindi ìkòkò náà sínú fíríìjì. Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò dé títí di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Lónìí Túsìdeè tí mo ṣí i, ìfófòó funfun ti yí etí ìkòkò ká, ó sì ń ta sí mi nímú díẹ̀.

Bàbá Tọ́lá ní kí n ju káún bíńtín sí i, kí n sè é kó hó dáadáa, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe máa ń ṣe. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n dà á nù. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹran báyìí. Kí ni kí n ṣe?

———

Oníbùkà_Bódìjà

Ẹ dà á nù, ÌyáTọ́lá. Mo mọ bí ẹran ṣe wọ́n tó, n ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 11 ni mo fi ta àmàlà ní Bódìjà kí orúnkún tó ní kí n jókòó. Ọbẹ̀ tí mo ti dà nù kò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì ń dùn mí. Èyí tí mo ní "ó ṣì dáa", tí oníbàárà mẹ́ta fi wá bá mi lọ́jọ́ kejì tí wọ́n di ikùn mú, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Ẹ máa bú àwọn oníná, ẹ jàre wọn, ṣùgbọ́n wàhálà ti wọ ọbẹ̀ yín kí iná tó lọ. Ẹ ka wákàtí: aago 9 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, wákàtí 10 gbáko, nínú ìkòkò ńlá tí ẹ dé pa. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í tutù bọ̀rọ̀. Ẹ dìde fọwọ́ kàn án láago 12 òru, ẹ ó bá a ní lọ́wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ jòjòló. Ibi tí kòkòrò àìfojúrí ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Láti nǹkan bí 60°C wálẹ̀ sí 5°C ni wọ́n ti ń bí sí i, agbedeméjì ló sì yá wọn lára jù. Òmíràn ń di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wákàtí 7 bá pé, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ẹ ò pè wọ́n jẹun, àwọn fúnra wọn ló ń bu ọbẹ̀.

Ẹ ó ní ṣebí ó hó. Ó hó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium perfringens, ọ̀rẹ́ ìkòkò ẹran ńlá ni. Ó lè sá pamọ́ sínú èèpo líle kan bí irúgbìn tí híhó kì í pa. Tí ọbẹ̀ bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, á hù. Wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn oúnjẹ ni inú máa ń tó bẹ̀rẹ̀ sí í run èèyàn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń di ẹ̀bi ru búrẹ́dì àárọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọbẹ̀ àná ni.

Ìgbà tí fíríìjì yín fi máa gbà á láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n ti pọ̀ tán. Òtútù kì í pa wọ́n, ó kàn ń mú wọn sùn. Iná lọ, wọ́n jí.

———

Bàbá_Ayọ̀

Ẹ̀yin ìran fíríìjì yìí! Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú, fíríìjì kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, ti ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Màmá wa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀, wọ́n ń gbé e kaná lálẹ́, ọbẹ̀ ọjọ́ kẹta ló sì máa ń dùn jù. A ò kú. Àbí iwin ló ń kọ èyí sí yín ni? Káún bíńtín, kó hó, kí ẹ jẹun yín.

———

Oníbùkà_Bódìjà

Bàbá Ayọ̀, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè yín kí n tó takò yín.

Gbígbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í ṣe àṣà òpè. Nígbàkígbà tó bá hó, èyí tó ti jí nínú kòkòrò á kú, àwọn tó kù á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí màmá ń sè: ìkòkò kékeré, ọbẹ̀ ọjọ́ méjì, ata pọ̀, omi ò sí, ẹja gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹyin iná ló ń wà, kì í tutù tán. Ẹni tó bá pa ìgbà kan jẹ, tó lọ òde òkú tí kò dé títí di ọjọ́ kejì, ó mọ ohun tó bá nínú ìkòkò. Ẹran náà á sì ti fọ́ dànù, iyọ̀ á ti le, nítorí omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ.

Ní ti pé a ò kú: a ò kú lóòótọ́, àmọ́ a ya ìgbẹ́. Nílé tiwa, tí inú bá ti ń yí ọmọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni, súgà ló jẹ jù, ẹ lọ wá àgbo. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi ìkòkò léèrè ọ̀rọ̀.

Káún wá ńkọ́? Ohun tó mú ọbẹ̀ kan ni pé àwọn kòkòrò ti jẹun nínú rẹ̀, kíkan náà ni wọ́n yà sílẹ̀. Káún ń pa kíkan. Ó ń pa á dáadáa, mo ti rí i, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu mọ́. Ajá ń gbó, ẹ di í lẹ́nu, olè ṣì wà ní yàrá.

Híhó náà sì níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus wà nínú imú wa àti nínú egbò ọwọ́. Ẹ ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ lá a, ẹ ti ṣíbí yẹn padà sínú ìkòkò (ẹ má purọ́, gbogbo wa la ń ṣe é), ó ti wọlé. Tó bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, oró tó máa tú sílẹ̀ kì í bẹ̀rù iná. Ẹ sè é fún wákàtí kan: kòkòrò á kú, oró á dúró. Oró tí kòkòrò mìíràn, Bacillus cereus, ń tú sínú ìrẹsì tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èébì ló sì ń fà. Èyí tó burú jù ni pé ọbẹ̀ lè gbé gbogbo èyí kó má kan, kó má rùn. Imú yín lè sọ fún yín pé ọbẹ̀ ti bàjẹ́. Kò lè búra fún yín pé ó dáa.

———

Oníbùkà_Bódìjà

Mo gbàgbé ohun kan tó jẹ́ pé àwọn ìyá wa ju wa lọ níbẹ̀: ata díndín.

Ọdún tí mo wọ iléèwé tí wọ́n ń gbé, màmá mi gbé ata kaná láti àárọ̀. Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, kò sí tòmátì rárá. Wọ́n kọ́kọ́ sè é lásán títí omi rẹ̀ fi gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, kí wọ́n tó da òróró sí i, òróró tó bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n wá ń dín in. Ìró rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, wọn kì í wò ó: níbẹ̀rẹ̀ ó ń ta pàrà-pàrà, omi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó wá di ṣììì jẹ́jẹ́, wọ́n ní "ó kù díẹ̀", ìgbà tó dákẹ́ tán, tí ata ti dúdú díẹ̀ tó ń yọ́ bí yanrìn nínú òróró, ni wọ́n tó sọ̀ ọ́. Eegun ò sí nínú rẹ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún ni. Inú agolo mílíìkì tí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn, tí wọ́n sì sá sóòrùn kó gbẹ, ni wọ́n rọ ọ́ sí. Ìlànà kan: ṣíbí gbígbẹ. Ẹni tó bá ti ṣíbí tútù bọ̀ ọ́ ti ba ọbẹ̀ gbogbo yàrá jẹ́. Ó tó mi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú pé àwọn sẹ́níọ̀ ń jí i.

Omi tí kò sí nínú rẹ̀ ló pa á mọ́. Òróró orí yẹn nìkan kò lè dá a ṣe o, ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń ní kí ẹ da òróró bo ọbẹ̀ olómi pé afẹ́fẹ́ ò ní wọ̀ ọ́. Kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ló fẹ́, botulism ni wọ́n ń pe àìsàn tí oró rẹ̀ ń fà, ó lè pa èèyàn. Áyù tútù tí wọ́n rì sínú òróró tí wọ́n gbé sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì ti kó o bá àwọn kan. Lónìí tí fíríìjì wà, ata díndín náà, inú fíríìjì ni mò ń gbé e sí.

———

Dèjì_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ ìyọnu iná níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń se ọbẹ̀. Mo ra ata ní Rye Lane, mo lọ̀ ọ́, mo se ìkòkò méjì, mo bù ú sínú ike áìsìkiriìmù, ó di fíríìsà. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Mo máa ń gbé e wọ fíríìsà ní gbígbóná, kó lè yára dì: ṣé mo tọ̀nà? Èkejì: àwọn aláṣẹ oúnjẹ níbí ní oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 2 lọ nínú fíríìjì. Ìyàwó mi gbé Houston rí, ó ní ní Amẹ́ríkà ọjọ́ 3 sí 4 ni wọ́n sọ. Ta ni ká gbọ́ nínú wọn?

———

Oníbùkà_Bódìjà

Ìkejì ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí ó rọrùn. Ṣé ikùn àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ sí ti Houston ni? Àwọn méjèèjì ń gbà pé fíríìjì yín tutù dé ibi tó yẹ, 4°C tàbí 5°C, láìdá. Níbi tí iná ti ń dúró, mo gbà ọjọ́ 3. Níbi tí tiwa ti ń lọ tó ń bọ̀, ọjọ́ 2, kó tó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá ẹ jẹ ẹ́ tán. Nínú fíríìsà tó wà ní −18°C, ọbẹ̀ lè pé ọdún kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni níbi, adùn rẹ̀ ló ń lọ. Oṣù 2 sí 3 ni tèmi mọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń ní òórùn kan bí páálí.

Gbígbé e wọlé ní gbígbóná: ó sinmi lórí ìwọ̀n. Wọ́n ti fi "má gbé oúnjẹ gbígbóná sínú fíríìjì" kọ́ gbogbo wa, òun náà ló sì ba ọbẹ̀ ÌyáTọ́lá jẹ́. Abọ́ kékeré kan tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ní ṣe fíríìjì ní nǹkan kan. Odindi ìkòkò tó ń yọ èéfín ló burú: á mú àwọn ẹja àti ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ́, etí rẹ̀ á dì, àárín rẹ̀ á ṣì máa gbóná títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ ṣí i wò nígbà kan, ẹ ti ìka bọ àárín.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí, láti bùkà ni mo ti kọ́ ọ. Tí mo bá sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ní ọpọ́n ńlá kan tí mò ń bu omi sí, mo á ju omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀. Mo á gbé ìkòkò jókòó sínú omi yẹn, mo á ṣí ìdérí, mo á máa fi ṣíbí tó mọ́ rò ó, bí ẹni ń ro àmàlà ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Rírò yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń gbé ooru àárín wá sétí. Nígbà tí omi ọpọ́n bá gbóná, mo á pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọbẹ̀ ò bá jó mi lọ́wọ́ mọ́, mo á bù ú sínú àwọn ike tí kò jìn, kí ọbẹ̀ má ga ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Láti orí iná dé inú fíríìjì kì í ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Wákàtí 2 ni mo fi ṣe ààlà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ni pé kó bọ́ láti 57°C sí 21°C láàárín wákàtí 2, kó tó wá lo wákàtí 4 mìíràn dé 5°C. Ẹ rí i pé wákàtí ìṣáájú ni wọ́n fi ìka lé.

———

Abíkẹ́_Ìlọrin

Ẹ má bínú tí mo yà lọ díẹ̀. Ṣé irú tí a fi ń se ọbẹ̀ náà lè wọ fíríìsà? Ọkọ mi ní òórùn rẹ̀ ti wọ inú yìnyín, òun ò lè mu omi mọ́.

———

Oníbùkà_Bódìjà

Ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ pín in wẹ́wẹ́, ìwọ̀n ìkòkò kan-kan, ẹ dì í sí ọ̀rá méjì, ẹ tún wá ki gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí tó le. Tí òórùn bá ṣì ń jáde, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ra fíríìjì tiẹ̀.

Dèjì ti dárúkọ ike áìsìkiriìmù, mo sì ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹ lẹ tépù funfun mọ́ ọn lára, ẹ kọ orúkọ ọbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ sè é, kí ẹ kọ ọ́ kó tó wọ fíríìsà, torí tépù kì í lẹ̀ mọ́ ike tó ti dì. Ọbẹ̀ ata àti ẹ̀fọ́ rírò tó dì, ojú kan náà ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ yín náà á yé sunkún nígbà tí wọ́n bá ṣí ike fànílà tí wọ́n bá ẹ̀gúsí. Ẹ má bù ú kún dé ẹnu: omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá, á ti ìdérí sókè. Ìgò máyọ́néèsì tí ẹ fọ̀, tó rí rekete yẹn, á là sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó wá máa ṣa àfọ́kù nínú ọbẹ̀. Tí ọ̀rá lẹ fẹ́ lò, kí ọbẹ̀ tutù pátá kí ẹ tó rọ ọ́ sí i, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí ìwé. Ó ń yára dì, ó sì ń yára yọ́. Àwọn tó ń rọ ọbẹ̀ tó ń hó sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ata, mi ò bá yín sí níbẹ̀.

Gbogbo ọbẹ̀ kọ́ ló sì gba òtútù. Ọbẹ̀ ata, ayámaṣe àti ẹ̀gúsí ń jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n sè wọ́n, ẹ̀gúsí kàn lè tú omi díẹ̀, ẹ rò ó. Ẹ yọ ẹyin sísè kúrò nínú ọbẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé, funfun rẹ̀ á di rọ́bà. Ọ̀dùnkún á di ìyanrìn. Ewédú tí wọ́n ti sè, tèmi kì í fà mọ́. Ewé rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ láìsè ni kí ẹ dì, òun náà kúkú ni wọ́n ń tà ní Peckham, Dèjì á jẹ́rìí. Gbẹ̀gìrì: ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́, ó tán. Ní bùkà, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀sán, mi ò fi dálẹ́.

———

Atúnfíríìjìṣe_Agége

Ẹ̀yin màmá ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ẹ ò bi fíríìjì léèrè bó ṣe wà. Mo máa ń bá àwọn oníbàárà jà lórí nǹkan mẹ́rin.

Nọ́ńbà 1 dé 7 tó wà lára ibi tí wọ́n ń yí kì í ṣe ìwọ̀n òtútù. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ sí i ni òtútù ń pọ̀ sí i. Ẹ ra tẹmómítà kékeré, ẹ fi í sínú ife omi ní àárín fíríìjì, ẹ wò ó láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

Rọ́bà ẹnu ọ̀nà: ẹ ti owó náírà sí i, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á. Tó bá yọ́ jáde láìjanpata, òtútù yín ń jò síta lọ́sàn-án lóru.

Ẹ má tì í mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń mí.

Ẹ̀kẹrin ló ń bí mi nínú jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé iná Band A lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, àwọn kan ti ń pa fíríìjì lálẹ́. "Gbogbo èèyàn ló ń sùn, ta ló ń ṣí i?" Iná tó yẹ kó wà fún wákàtí 20 lóòjọ́, ẹ fọwọ́ ara yín pa 8 nínú rẹ̀, ẹ wá ní ọbẹ̀ ń kan. Ó sàn kí ẹ máà ní fíríìjì.

———

Ṣadé_Iléṣà

Mo kà nípa ìkòkò méjì tí wọ́n ki bọ ara wọn tó ń mú nǹkan tutù láìsí iná. Ṣé kò ní dáa fún ọbẹ̀?

———

Oníbùkà_Bódìjà

Iṣẹ́ olùkọ́ kan ní òkè Ọya ni, Mohammed Bah Abba, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Bí omi bá ṣe ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ìta, ó ń gbé ooru inú lọ. Igbá jíjẹ (garden egg) tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ di èyí tó ń pé ọjọ́ 27. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ó nílò afẹ́fẹ́ gbígbẹ bíi ti Jìgáwà. Níbi tí aṣọ tí ẹ sá ti ń lo ọjọ́ méjì kó tó gbẹ nínú oṣù keje, omi ò ní gbẹ lára ìkòkò. Ẹ fi tọ́jú tòmátì lásìkò ọyẹ́. Ọbẹ̀ ẹran kọ́ o, kò lè tutù dé 5°C láéláé.

Agége ti sọ̀rọ̀ tó yẹ kí a fi síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi iye wákàtí kún un. Tí iná bá lọ tí ẹ ò ṣí ilẹ̀kùn, fíríìjì lè mú oúnjẹ dúró fún wákàtí 4. Fíríìsà tó kún fọ́fọ́ lè ṣe 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Kíkún yẹn ni kí ẹ wò: bí ẹ ò bá ní ẹran tí ẹ ó fi kún un, ẹ fi omi inú ọ̀rá kún gbogbo àyè tó ṣófo. Yìnyín ló ń ṣọ́ yìnyín. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá ṣí i láti wò ó bóyá ó ṣì tutù ni ẹni tó mú un gbóná.

Tí ẹ bá lọ sí abúlé tí ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín: ẹ di omi inú ife, ẹ fi kọ́bọ̀ kan lé orí yìnyín náà, ẹ fi í sílẹ̀ nínú fíríìsà. Tí ẹ bá dé tí kọ́bọ̀ ṣì wà lórí, ẹ jẹun yín. Tó bá wà nísàlẹ̀ ife, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ rí, ó tún dì padà lẹ́yìn yín. Ọbẹ̀ tó ti ń yọ́ ṣùgbọ́n tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ fi ọwọ́ kàn, ẹ lè dá a padà. Èyí tó ti di omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ bá mi kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, níbi tí iná bá ti burú tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí ẹ fi ń di ọbẹ̀? Ata ni kí ẹ dì. Mò ń lọ ata apẹ̀rẹ̀ kan, mo á sè é láìsí ohunkóhun títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tó fi dì mọ́ra, mo á pín in sí ọ̀rá pẹlẹbẹ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ jẹun, mo fọ́ ọ̀kan sínú òróró gbígbóná, àlùbọ́sà, ẹran ọjọ́ náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọbẹ̀ tuntun ni mò ń jẹ. Tí iná bá kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ata nìkan ni mo pàdánù, ẹran ṣì wà lọ́wọ́ alápatà.

———

Dèjì_Peckham

Ó yé mi. Ọ̀kan ló kù: mo máa ń yọ ọbẹ̀ síta láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá dé lálẹ́ ó ti yọ́. Mo á gbé e sínú máíkírówéèfù.

———

Oníbùkà_Bódìjà

Ẹ yọ ọ́ láti fíríìsà sínú fíríìjì, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ gbé e sínú ìkòkò bó ṣe dì yẹn pẹ̀lú omi ṣíbí méjì, iná kékeré. Máíkírówéèfù máa ń gbóná létí kó tutù láàárín, ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ rò ó, kó hó káàkiri. 74°C ni wọ́n ń wá. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ jẹ ni kí ẹ bù, ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ gbóná kí ẹ tún gbé ìyókù padà.

ÌyáTọ́lá ò tíì sọ ohun tó ṣe o.

———

ÌyáTọ́lá_Òṣogbo

Mo wà ńbí. Mo dà á nù ní Túsìdeè. Ó ku díẹ̀ kí n sunkún. Ẹ wá gbọ́ o, mo wọ ilé ìdáná lálẹ́, mo gbọ́ òórùn ẹran díndín. Bàbá Tọ́lá ti yọ ẹran kí n tó dà á, ó fi omi àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó ń dín in! Ó ní ọbẹ̀ ló kan, ẹran ò kan.

———

Bàbá_Ayọ̀

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

———

Oníbùkà_Bódìjà

Ẹran ni ilé wọn gangan! Níbo lẹ rò pé wọ́n ń gbé? Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa mu omi, kí omi iyọ̀-òun-ṣúgà wà nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí tí èébì ò dá.

———

ÌyáTọ́lá_Òṣogbo

Ẹyọ méjì ló jẹ. Ó lo gbogbo Wẹ́sìdeè nílé ìyàgbẹ́, ó ní àgbàdo ló fà á. N ò dá a lóhùn.

Mo tún ọbẹ̀ sè lánàá, Sátidé, ìdajì ìkòkò ti àkọ́kọ́. Mo gbé e sínú ọpọ́n omi, omi inú ọ̀rá mẹ́rin, mo rò ó, kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ike márùn-ún, tépù lára gbogbo wọn. Iná lọ láago mẹ́wàá alẹ́, ó sì dé láago mẹ́fà àárọ̀ yìí. Mo ní kọ́bọ̀ àádọ́ta àtijọ́ kan tó wà nínú agolo bọ́tìnì màmá mi, òun ni mo fi lé orí yìnyín. Bàbá Tọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí lọ wò ó. Ó ké sí mi láti ilé ìdáná: ó ṣì wà lórí.